Oyè Ọ̀mọ̀wé: Àtibẹ̀rẹ̀ Kò Ṣòro, Àtiparí Ni Iṣẹ́

Láti ìlú Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 50 kìlómítà lọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pinnu láti sọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin di ọ̀nà oníbejì, wọ́n pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ parí. Apá ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin parí. Ṣùgbọ́n apá ti àárín, èyí tó so Ọ̀yọ́ pọ̀ mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ èrò ń du ojú ọ̀nà tóóró àtijọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ẹ̀mí àti dúkìá sì ń bá a lọ. Kò sí ẹni tó sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kò dára. Àìparí rẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń sunkún lé lórí.

Bí ọ̀nà yẹn ṣe rí ni ọ̀rọ̀ oyè ọ̀mọ̀wé rí láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú méjèèjì. Dìgírì àkọ́kọ́ parí, dìgírì kejì parí, nígbà tó kan ẹ̀kẹta, iṣẹ́ dúró sí àárín ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ní ọdún kẹta yóò ní ó kù díẹ̀. Ní ọdún kẹfà, yóò ní alábòójútó òun kò sí nílé. Ní ọdún kẹsàn-án, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun mọ́. Kì í ṣe láti fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni a fi sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ní rẹ́rìn-ín. Ohun tó yẹ kí ó ká gbogbo ènìyàn lára ni pé àwọn ẹbí ń náwó, ìlú ń fi ọdún ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó bá yá, kò sí ìwé, kò sí oyè, ìmọ̀ tí wọ́n sì ti kó jọ á tún bá oníǹkan lọ.

KÍ NI OYÈ Ọ̀MỌ̀WÉ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oyè ọ̀mọ̀wé kàn jẹ́ ìwé-ẹ̀rí tó ga ju ti ìṣáájú lọ, bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kúrò ní kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú dìgírì àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀. Nínú ti kejì, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀kẹta, ìbéèrè tí wọ́n ń bi í ni pé: kí ni ìwọ rí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí? Ó gbọ́dọ̀ yan ìbéèrè kan, kí ó ka ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ lé e lórí, kí ó lọ sí oko tàbí ilé-àyẹ̀wò, sí ààfin tàbí ibi ìkówèésí láti wá ìdáhùn, kí ó kọ ohun tó rí sínú àpilẹ̀kọ tó sábà máa ń ju 200 ojú-ìwé lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó níwájú àwọn onímọ̀, tí wọn yóò pe ọ̀kan nínú wọn wá láti yunifásítì mìíràn, kí wọ́n fi ìbéèrè gbò ó bí ẹni gbo aṣọ. Ọdún mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ yunifásítì kọ sínú ìwé òfin wọn gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù fún ẹni tó bá fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tó ní aya tàbí ọkọ, tó ní ọmọ, ọdún mẹ́ta á máa di mẹ́fà, mẹ́fà á máa di mẹ́wàá.

Ẹni tó bá gba ilé-kéú àtijọ́ kọjá kò ní rí èyí bí àjèjì pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ a jókòó sí ẹsẹ̀ ààfáà, a ka ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kí ààfáà tó yọ̀ǹda fún un láti fi ìwé náà kọ́ ẹlòmíràn. Kò sí ààfáà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí í yọ̀ǹda fún ẹni tó ka ìlàjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé olùgbàpamọ́ ìmọ̀ ni ẹni ti ilé-kéú, olùfikún ìmọ̀ sì ni ẹni ti yunifásítì. Àwọn méjèèjì pàdé níbi kan: ìparí ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin àti obìnrin.

ÀWỌN TÓ PARÍ

Ìlú Ọ̀yọ́ kò ṣàìní àwòkọ́ṣe. Ní 1932 ni wọ́n bí Wándé Abímbọ́lá sí ìlú náà. Ó kàwé ní Ìbàdàn, ó gba dìgírì kejì ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà ní 1966, ó sì padà wá ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe ìwádìí lórí ẹsẹ Ifá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó, ní 1971. Lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀, láti 1982 sí 1989. Mùsùlùmí kò ní bá a pín nínú ohun tó kọ ìwé lé lórí, ṣùgbọ́n onílàákàyè kò ní ṣàì rí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, tí àwọn àgbà mọ̀ sórí, ni ó fi ṣe iṣẹ́. Kò lọ yá ìbéèrè onílé lọ́wọ́ àlejò. Kí ó tó gba oyè, ó ti tẹ ìwé méjì jáde ní èdè Yorùbá lórí iṣẹ́ náà, ọ̀kan ní 1968, èkejì ní 1969. Àwọn tó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ nílé lè ka ohun tó fi ẹ̀kọ́ wọn ṣe.

Ní ti ìtàn Ọ̀yọ́ lábẹ́ àwọn òyìnbó, láti 1894 sí 1934, J. A. Àtàndá ni ó kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní 1967. Iṣẹ́ náà di ìwé ní 1973. Ní 1968, T. G. O. Gbàdàmọ́sí parí tirẹ̀ ní yunifásítì kan náà lórí bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe gbilẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá láti 1841 sí 1908, òun náà sì di ìwé ní 1978. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan gidi lórí bí ẹ̀sìn náà ṣe dé ìlú kan tàbí òmíràn nílẹ̀ Yorùbá kò lè gbójú fo ìwé yẹn. Ká ní ó dá iṣẹ́ dúró ní orí kẹta ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí irú olùṣèwádìí bẹ́ẹ̀ lè fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti lọ sí ilé àbọ̀sinmi. Ìbéèrè tí kò bi wọ́n nígbà náà, kò sí ẹni tó tún lè bi wọ́n mọ́.

Èyí ni ohun tí àwọn tó ń sọ pé oyè ọ̀mọ̀wé jẹ́ afẹ́ kò rí. Iṣẹ́ tí olùṣèwádìí kò parí kì í dúró dè é. Àwọn ẹlẹ́rìí ń kú, ìwé àtijọ́ ń jẹrà, oko tó fi ń dánrawò ń di igbó.

ÌWÉ TÓ SỌNÙ TÓ SÌ TÚN PADÀ

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo olùṣèwádìí ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti oyè yunifásítì. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Kírísítẹ́nì ní ìlú Ọ̀yọ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìtàn Yorùbá jọ láti ẹnu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà, ó sì parí kíkọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlú Òyìnbó ní 1899. Ó sọnù síbẹ̀. Ní 1901 ni Johnson kú, kò sì fi ojú rí ìwé rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, oníṣègùn, ni ó gbé iṣẹ́ náà nílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí fúnra rẹ̀ mọ ohun tí àpilẹ̀kọ ń jẹ́, nítorí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh ní 1889 lórí ìṣègùn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tó sì mú kí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeé gbé dìde ni pé olóògbé náà ti fi àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́kọ rẹ̀ pa mọ́ sílé. Láti inú wọn ni Obadiah ti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tó fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, Appam, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun Jámánì lójú òkun, wọ́n sì tù ú lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ẹrù náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé. Obadiah pẹ̀lú kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé ìtàn náà jáde, ọdún 24 lẹ́yìn tí Johnson parí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé ẹni tó bá ní ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo kò ní ìwé. Lónìí, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti tàn, olè lè gbé e nínú ọkọ̀, omi òjò lè wọlé. Ẹni tó bá ń kọ àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀ ní ibi mẹ́ta ó kéré tán. Èkejì ni pé ìwé àkọ́kọ́kọ, bó ti wù kó rí játijàti tó, dára ju èyí tó pé pérépéré nínú ọpọlọ lọ. Ẹ̀kẹta, òun ni ó sì wúwo jù, ni pé ìwé náà kò bá má jáde bí kì í bá ṣe pé ẹbí gbà pé iṣẹ́ ẹnì kan jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ilé.

OHUN TÓ Ń DÁ IṢẸ́ DÚRÓ

Kí ni ó ń dá àwọn ènìyàn dúró lónìí? Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Irọ́ ni. Ọ̀lẹ kì í gba dìgírì méjì kọjá ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìdúróṣinṣin ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1990 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí wọ́n sọ ní orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹjọ 1991, ilé-ẹ̀kọ́ náà di ti ìpínlẹ̀ méjèèjì. Àwọn baba méjì ń bi ara wọn pé ta ni yóò sanwó oúnjẹ ọmọ, ebi sì ń pa ọmọ. Ní 2016 àti 2017, ìyanṣẹ́lódì nítorí owó oṣù ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2020, ó di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè pẹ̀lú, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù kejìlá 2020, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022. Àwọn olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó wọn. Ṣùgbọ́n kí ìjọba mọ̀ pé ẹni tó ń dá àgbàdo tàbí kajú wò lóko ìwádìí kò lè sọ fún òjò pé kí ó dúró di ìgbà tí ìyanṣẹ́lódì bá parí. Àkókò ọ̀gbìn kan tó bá fò ó, ọdún kan odidi ni ó lọ. Bí iná bá kú lórí ẹ̀rọ amóhuntutù ilé-àyẹ̀wò, iṣẹ́ ọdún méjì lè bàjẹ́ ní ọjọ́ méjì.

Ohun kejì ni owó. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, jálá epo bẹntiróòlù kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ₦200 fò lọ sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Olùkọ́ tó ń gbé ní Ọ̀yọ́, tó ń lọ rí alábòójútó rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìrìn tó dín kù ni iṣẹ́ tó dín kù. Owó tí ó yẹ kí ó fi ra èròjà ìwádìí ni ó fi ń wọkọ̀.

Ohun kẹta ni àwọn alábòójútó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ènìyàn rere tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ á fi orí kan sílẹ̀ fún wọn, oṣù mẹ́fà á kọjá, ìwé náà á ṣì wà lábẹ́ òmíràn lórí tábìlì. Àwọn kan sọ akẹ́kọ̀ọ́ di awakọ̀ àti ọmọ-ọ̀dọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹni tó gbà láti tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà ti gba ohun ìfipamọ́, ọdún ayé ẹlòmíràn ni wọ́n fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá mú ohun ìfipamọ́ ní kékeré yóò jíhìn rẹ̀ níwájú Ẹni tí kì í sùn.

Ohun kẹrin wà nínú ilé. Ìyàwó ilé tó ń ṣe ìwádìí á jí kí gbogbo ilé tó jí, á dáná, á múra ọmọ sílẹ̀, á lọ síbi iṣẹ́, á padà dé, á tún dáná. Ìgbà tí gbogbo ilé bá sùn ni ó tó lè jókòó ti ìwé. Ọkọ rẹ̀ á máa ní òun yọ̀ǹda fún un. Ìyọ̀ǹda wo ni ó wà nínú kí ènìyàn ní kí ẹlòmíràn rin ìrìnàjò, kí ó tún gbé ẹrù gbogbo ilé lé e lórí? Ọkùnrin náà kò ṣàìní tirẹ̀: ìkómọ níhìn-ín, ìsìnkú lọ́hùn-ún, ìpàdé ẹbí ní ọjọ́ Àìkú, aṣọ ẹbí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí kò bá lọ, wọ́n á ní ìwé ti gun un lórí. Bí ó bá lọ sí gbogbo rẹ̀, àpilẹ̀kọ kò ní tẹ̀síwájú.

OYÈ TÍ WỌ́N JẸ KÍ Ó TÓ TÓ

Àrùn kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í kà sí àrùn. Ní kété tí ènìyàn bá forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé, ìlú á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dókítà. Níbi ìkómọ, alága á ní kí Dókítà bọ́ síwájú. Nínú mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún Dókítà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á ní kò tíì yá. Nígbà tó bá ṣe, á dákẹ́. Nígbà tó bá tún ṣe, á kọ ọ́ sára ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti kú, nítorí ohun tó ń wá ti dé ọwọ́ rẹ̀ láìlàágùn. Kò tún lè bèèrè ìrànwọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ta ni yóò sọ fún pé òun kò tíì parí?

Kò sí ilé-kéú kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí í pa màlúù wòlímọ̀ fún ọmọ tí kò tíì ka Kùránì parí. Gbogbo ilé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọmọ náà. Èéṣe tí wọn kò ṣe lo òye kan náà fún oyè ọ̀mọ̀wé?

Láti inú ìwà yìí ni àwọn tó burú jù ti jáde. Àwọn kan ń sanwó kí ẹlòmíràn bá wọn kọ àpilẹ̀kọ. Àwọn kan ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Àwọn kan gba oyè ọlá lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nítorí owó tàbí ipò, wọ́n sì ń fi orúkọ Dókítà ṣáájú orúkọ wọn bí ẹni tó jókòó ṣe ìwádìí. Ní 2012, àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì Nàìjíríà pàdé ní Keffi, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹni tó gba oyè ọlá kò gbọdọ̀ máa fi Dókítà pe ara rẹ̀. Ìpinnu náà wà, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìpè òde kò mọ̀ ọ́n. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan fi hàn nínú ìwé ìròyìn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá àyẹ̀wò àti ìtẹ́wọ́gbà ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ àwọn èké wá kan àwọn tó kàwé tòótọ́ níbẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, kò sì ní wó lu onílé nìkan.

ṢÉ DANDAN NI?

Àwọn kan á béèrè pé: ṣé dandan ni oyè yìí? Ṣebí Sheikh Ádámù Abdullahi al-Ilọ́rí, tó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, kò gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ yunifásítì kan kí ó tó kọ ọ̀pọ̀ ìwé ní èdè Lárúbáwá? Òótọ́ ni. Kí ó tó kú ní 1992, àwọn tó ní oyè ni wọ́n ń ka ìwé rẹ̀ láti fi kọ àpilẹ̀kọ tiwọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń fi orúkọ rẹ̀ gbèjà ara rẹ̀ wo ohun tí bàbá náà ṣe. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé, ó ń parí rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò nílò kí yunifásítì fún un ní àṣẹ. Àwọn tó kù, tí wọ́n nílò alábòójútó, ìwé òfin àti ọjọ́ ìparí kí iṣẹ́ tó lè jáde lọ́wọ́ wọn, fún wọn ni a ṣe ṣe oyè ọ̀mọ̀wé. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yẹ kí ó ṣe é. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bèèrè rẹ̀, tí kò ní ìbéèrè kan tó ń gbé e lórun, kí ó fi owó rẹ̀ tọ́ ọmọ. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Àbùkù wà nínú kí ènìyàn wọ inú rẹ̀ nítorí orúkọ.

OJÚṢE GBOGBO ÈNÌYÀN

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ojúṣe ta ni àtiparí? Olùṣèwádìí ni ó kọ́kọ́ kàn. Kí ó yan ìbéèrè tó ṣeé parí, kì í ṣe èyí tó fẹ́ fi tún gbogbo ayé ṣe. Kí ó máa kọ nǹkan lójoojúmọ́, bó jẹ́ ojú-ìwé kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá ń kọ ojú-ìwé kan ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ yóò ti kọ 250 ojú-ìwé kí ọdún tó yípo. Kí ó sì kọ̀ kí wọ́n má ṣe pe òun ní ohun tí òun kò tíì jẹ́.

Ó kan yunifásítì. Kí wọ́n dá ọjọ́ tí alábòójútó gbọ́dọ̀ dá ìwé padà, bóyá oṣù kan péré, kí wọ́n sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi tó lè mú ẹ̀sùn lọ láìbẹ̀rù. Ó kan ìjọba, tó mọ̀ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ tí òun kò san kò ní ṣàì di ọdún tó sọnù nínú ayé ẹnì kan.

Ó kan àwọn ẹgbẹ́ ìlú, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò àti àwọn mọ́ṣáláṣí. Ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n sábà ń ṣe, níbi ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ná an sí: owó fọ́ọ̀mù, owó ìgbaniwọlé, àwòrán nínú ìwé ìròyìn. Ibi tí ènìyàn ti ń rẹ̀ ni ọdún tó kẹ́yìn, nígbà tí owó ti tán, tí ìtìjú ti dé, tí ó ku orí méjì péré. Ẹgbẹ́ tó bá fi ìdajì owó ìrànwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, fún owó ìwọkọ̀, owó ìtẹ̀wé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ sílẹ̀, yóò rí èso kíákíá ju ẹgbẹ́ tó ń gbin tuntun lójoojúmọ́ tí kì í bomi rin èyí tó ti hù. Yàrá kan tó dákẹ́, tó ní iná oòrùn àti tábìlì, nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí tàbí gbọ̀ngàn ìlú, lè ṣe iṣẹ́ tí àṣè ńlá kò lè ṣe.

Ó kan ilé pẹ̀lú. Kí ọkọ gbé ọmọ dání. Kí ẹbí gbà pé ẹni tí kò wá sí òde fún ọdún kan kò kórìíra wọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ kù síbi kan. Iṣẹ́ tó bá parí kò gbọdọ̀ sùn sórí pẹpẹ ìkówèésí yunifásítì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan yóò máa ṣí láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń to orí ìwé. Ẹni tó lọ bi àwọn àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè ọ̀rọ̀ nípa kajú wọn jẹ wọ́n ní gbèsè èsì. Ẹni tó jókòó ti àwọn àgbà Ọ̀yọ́ láti kọ ìtàn ilé wọn jẹ wọ́n ní gbèsè ìwé. Kí ẹni tó bá gba oyè kọ ojú-ìwé mẹ́wàá péré ní èdè Yorùbá tó já gaara, kí ó sọ ohun tó bèèrè, ohun tó rí àti ohun tó lè ṣe ìlú láǹfààní, kí ó sì kó o padà fún àwọn tó fi ìmọ̀ wọn ràn án lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó tó parí. Kí wọ́n pè é ní Ọ̀mọ̀wé ní ọjọ́ náà, kí wọ́n sì fi ohùn òkè pè é.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ẹ̀mí ìfaradà, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn tó yí wọn ká mọ ẹrù tí wọ́n rù.